Ohun tí Ewé Kòkó Ń Bèèrè

Bí àjọ̀dún ilé-ìwé bá ti súnmọ́ etílé, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde ni ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́. Ẹgbẹ́ kan á ní àwọn yóò kọ́ gbọ̀ngàn, òmíràn á ní ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ni àwọn yóò tún ṣe, kí orúkọ àwọn lè wà lára ògiri. A kò bẹnu àtẹ́ lu èyí, nítorí pé ilé tí òjò ń jò sí kò ṣeé kọ́ ọmọ níwèé. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí a fẹ́ bẹ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde àti ẹ̀yin òbí pé kí a ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó àjọ̀dún fún ohun tí kò ní ògiri tí a lè kọ orúkọ sí: oko kòkó kékeré kan fún ilé-ìwé, àti àwọn ohun èlò tí àwọn ọmọ wa yóò fi máa yẹ ilẹ̀ àti ewé rẹ̀ wò. Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìwé Bàọ́lọ́jì àti ìwé Kẹ́mísírì wọn tí ó kan Aládé ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ, síbẹ̀ orí pátákó nìkan ni ó ń parí sí. Ẹ̀kọ́ náà ni ti iṣẹ́ tí àwọn mẹ́tàlì ń ṣe nínú ewé.

Kí á tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí kòkó jẹ́ fún wa. Ó ṣòro láti rí ìdílé kan ní Aládé, tàbí ní gbogbo Ìdànrè, tí owó kòkó kò bá san owó ilé-ìwé ẹnì kan rí. Ìtàn kòkó àti ìtàn ìjọ Ọlọ́run sì lọ́ mọ́ra ní ilẹ̀ Yorùbá. Jacob Kẹ́hìndé Coker, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìjọ African Church, ní oko ńlá ní Agége, ó sì wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1907. Àwọn tí ó wá ṣiṣẹ́ ní oko Agége gbé irúgbìn kòkó padà lọ sí ìlú wọn, àwọn oníwàásù náà sì gbé e káàkiri pẹ̀lú Bíbélì. Ní ilẹ̀ Oǹdó, àwọn onígbàgbọ́ ìṣáájú wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbin ín. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955, owó kòkó wà lára ohun tí ó gbé ẹrù náà. Nítorí náà, bí ewé kòkó bá ń ṣàárẹ̀ ní Ìdànrè, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni.

Ó sì ń ṣàárẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọ inú àwọn oko tí ó ti dàgbà yóò rí i: igi tí ó ga, tí ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́, tí àwọ̀ rẹ̀ kò jinlẹ̀, tí èso rẹ̀ kò sì tó ohun tí bàbá tí ó gbìn ín ń ká. Àwọn kan ní ojú ọjọ́ ni. Àwọn kan ní irúgbìn ayé òde òní kò dára. A kì í sì í ṣàìrí ẹni tí yóò ní ọ̀tá ni ó wà nídìí rẹ̀. Ojú ọjọ́ lè lọ́wọ́ sí i, ọjọ́ orí igi náà ńkọ́. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ẹni tí ó ń béèrè ohun tí ó kù nínú ilẹ̀ tí igi náà dúró lé.

Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdìrì léèrè bí ewé ṣe ń se oúnjẹ rẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ kò ní pẹ́. Ewé a gba omi láti gbòǹgbò, a gba carbon dioxide láti inú afẹ́fẹ́, a gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Nípasẹ̀ chlorophyll tí ó fún un ní àwọ̀, a sọ wọ́n di ṣúgà, a sì tú ọ́síjìn sílẹ̀. Photosynthesis ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Ìdáhùn yìí tọ̀nà, ó sì tó gba máàkì nínú ìdánwò WAEC. Ṣùgbọ́n ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ní omi, èlùbọ́ àti iná ni a fi ń ro àmàlà, tí kò sì dárúkọ ìkòkò àti omorogùn.

Mẹ́tàlì ni ìkòkò àti omorogùn inú ewé. Kì í ṣe irú èyí tí alágbẹ̀dẹ ń lù. Èyí tí ó ti yòrò sínú omi ilẹ̀ ni, tí átọ́ọ̀mù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti pàdánù electron kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ion ni àwọn olùkọ́ Kẹ́mísírì ń pè é. Láti inú ilẹ̀ ni igi ti ń fà wọ́n mu. Púpọ̀ nínú wọn kò tó nǹkan nínú ewé bí a bá gbé wọn lé òṣùwọ̀n, àmọ́ bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bí wọ́n bá tán nínú ilẹ̀, oòrùn ìbáà ràn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, iṣẹ́ náà kò ní lọ.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí magnesium. Chlorophyll tí ó mú kí ewé ní àwọ̀ ewé dà bí òrùka, àárín gbùngbùn òrùka náà gan-an ni magnesium kan ṣoṣo jókòó sí. Richard Willstätter, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó fi èyí múlẹ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1915. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì mìíràn, Hans Fischer, gba ẹ̀bùn kan náà ní 1930 nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí èròjà ẹ̀jẹ̀ àti ti ewé, ohun tí ó sì hàn gbangba nínú iṣẹ́ wọn ni pé irú òrùka kan náà ni ó wà nínú méjèèjì. Níbi tí magnesium jókòó sí nínú ewé, irin ni ó jókòó síbẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. A kò mọ ohun tí ó yẹ kí ó mú orí Kristẹni wú ju èyí lọ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì: pé Ẹlẹ́dàá lo òrùka kan fún igi àti fún ènìyàn, tí ó sì pààrọ̀ ohun tí ó wà láàárín rẹ̀.

Àwọn ìyá wa ti mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí láti ìdí ààrò. Ẹ̀fọ́ tí ó bá pẹ́ jù lórí iná a máa ṣá, a máa di àwọ̀ bí ilẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé kíkan tí ó wà nínú ewé náà fúnra rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní acid, ti lé magnesium kúrò lórí àga rẹ̀. Bí wọ́n bá sì bu káún díẹ̀ sí ewédú, àwọ̀ rẹ̀ kì í tètè ṣá, nítorí pé káún ń pa agbára acid náà. Ẹ̀kọ́ Kẹ́mísírì gidi nìyí, nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ọmọ tí ó bá rí i nínú yàrá àyẹ̀wò, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ tí ó ṣàlàyé ti ilé ìdáná fún un, kò ní gbàgbé ibi tí magnesium wà mọ́ títí láé.

Bí magnesium bá wọ́n nínú ilẹ̀, igi kì í kú lójú ẹsẹ̀. A máa yọ ọ́ kúrò nínú ewé àgbà, a sì máa gbé e fún ewé ọ̀dọ́, gẹ́gẹ́ bí òbí tí ó ń bu oúnjẹ tirẹ̀ fún ọmọ. Nítorí èyí, ewé ìsàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pọ́n bí ìyeyè láàárín àwọn iṣan rẹ̀, tí iṣan fúnra rẹ̀ yóò ṣì tutù. Ti irin yàtọ̀. Igi kò lè yọ irin kúrò nínú ewé àgbà lọ́nà tí ó rọrùn, nítorí náà ewé ọ̀dọ́ tí ó wà lókè ni yóò kọ́kọ́ fi àìtó irin hàn. Ẹ wo bí ìmọ̀ yìí ti rọrùn tó, tí ó sì wúlò tó: ẹni tí ó bá mọ̀ bóyá ewé òkè ni ó ń pọ́n tàbí ewé ìsàlẹ̀ ti ní amọ̀nà kan kí ó tó ná kọ́bọ̀ kan sórí ajílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lè kọ́ ọ ní ọ̀sán kan, kí ó sì lọ ṣàlàyé rẹ̀ fún bàbá rẹ̀ ní oko.

Ti manganese ni ó yà wá lẹ́nu jù. Ọ́síjìn tí gbogbo wa ń mí sínú, láti ara omi ni ewé ti ń yọ ọ́. Kì í ṣe láti ara carbon dioxide bí àwọn ènìyàn ti rò tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n omi kì í ṣe ohun tí ó rọrùn láti là sí méjì. Àwọn tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ewé ni átọ́ọ̀mù manganese mẹ́rin pẹ̀lú calcium kan, tí átọ́ọ̀mù ọ́síjìn márùn-ún so pọ̀ bí ìgbà tí a bá so igi àjà mọ́ra. Ní 1969, Pierre Joliot ní ilẹ̀ Faransé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń tan iná sí ewéko ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì rí i pé ọ́síjìn kì í jáde bákan náà ní gbogbo ìgbà tí iná bá tàn. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ tí ó pọ̀, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹrin mẹ́rin ni ó tún ń pọ̀. Ní ọdún kejì, Bessel Kok ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé ìdí rẹ̀: àwọn manganese náà a máa kó electron jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí mẹ́rin yóò fi pé, kí wọ́n tó lè tú ọ́síjìn sílẹ̀. Ó di 2011 kí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan tó rí àwòrán rẹ̀ kedere dé orí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Gbogbo èémí tí ó jáde nínú ìpàdé àdúrà òwúrọ̀ ilé-ìwé wa, manganese mẹ́rin mẹ́rin ni ó ti kọ́kọ́ là á jáde kúrò nínú omi, yálà nínú ewé kòkó, nínú koríko, tàbí nínú ewéko tíńtìntín ojú òkun.

Bí electron bá ti kúrò lára omi, àwọn mẹ́tàlì mìíràn ni ó ń gbé e lọ síwájú. Irin pọ̀ lójú ọ̀nà náà. Ní ibì kan, bàbà ni ó ń gbà á lọ́wọ́ irin, tí ó sì tún ń gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, bí àwọn tí ń sáré ìje ọlọ́pàá ṣe ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́ ní ọjọ́ eré ìdárayá. Síńkì wà lára ohun tí ó ń bá ewé ṣètò carbon dioxide. Magnesium tún padà wá, nítorí pé èròjà tí ó ń so carbon dioxide mọ́ ṣúgà kò lè ṣiṣẹ́ bí kò bá sí magnesium lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Potassium ní tirẹ̀ kò sí nínú ìkòkò náà. Ẹnu ọ̀nà ni ó ń ṣọ́. Abẹ́ ewé kòkó ní àwọn ihò tíńtìntín tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bí potassium bá wọ inú àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ihò náà, omi a tẹ̀ lé e, wọn a wú, ilẹ̀kùn a sì ṣí. Bí ó bá jáde, ilẹ̀kùn a tì. Níbo wá ni potassium inú oko wa ń lọ? Èyí tí ó wà nínú èèpo kòkó ju èyí tí ó wà nínú hóró rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta ó kéré tán. Àwọn ìyá wa ń sun èèpo náà, wọ́n ń fi eérú rẹ̀ se ọṣẹ dúdú, ọṣẹ náà sì dára lára. A kò sọ pé kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀. A kàn ń sọ pé kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ewé ni a fi ń wẹ̀, ó sì ń bá omi ìdọ̀tí ṣàn lọ sínú odò. Ẹni tí ó bá kó èèpo jáde lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ ronú ohun tí yóò fi rọ́pò rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ti bàbà, a ó sì dúró díẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo àgbẹ̀ kòkó ní Ìdànrè ni ó mọ àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú lórí igi nígbà òjò, títí yóò fi jẹrà pátápátá. Ẹ̀yà rẹ̀ tí ó burú jù ní agbègbè wa ni Phytophthora megakarya, ó sì lè gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìkórè ẹni tí kò bá fín oko rẹ̀. Bàbà ni wọ́n fi ń bá a jà. Ìtàn oògùn náà pani lẹ́rìn-ín. Ní ilẹ̀ Faransé, ní agbègbè Bordeaux, àwọn olóko àjàrà máa ń po imí bàbà pọ̀ mọ́ ẹfun, wọ́n ń wọ́n ọn sára igi tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà kí àwọn tí ń kọjá má baà já èso wọn jẹ. Ní 1882, Pierre Millardet ṣàkíyèsí pé àrùn ewé kò mú àwọn igi ẹ̀bá ọ̀nà yìí. Ní 1885 ó tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀, oògùn tí wọ́n fi lé olè sì di oògùn tí ó tan dé gbogbo ayé. Bí a ṣe rí i lò fún kòkó nìyẹn, tí àwọn bàbá wa ń gbé ẹ̀rọ ìfínko kọ́ ẹ̀yìn láti ìgbà òjò kan dé òmíràn, tí ẹ̀wù wọn sì di àwọ̀ aró.

Ṣùgbọ́n bàbà kì í jẹrà, kì í sì í fẹ́ lọ bí èéfín. Èyí tí kò dúró lára èso, ilẹ̀ ni òjò ń wẹ̀ ẹ́ sí. Níbẹ̀ ni ó ti ń so mọ́ ilẹ̀ dúdú òkè, ibi tí gbòǹgbò kòkó pọ̀ sí jù, kì í sì í kúrò. Àwọn onímọ̀ tí ó yẹ ilẹ̀ oko kòkó wò ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà rí bàbà púpọ̀ nínú àwọn oko tí a ti fín fún ọ̀pọ̀ ọdún, ju ti ilẹ̀ tí a kò fín lọ. Bàbà díẹ̀ ni oúnjẹ ewé, gẹ́gẹ́ bí a ti sọ. Bí ó bá pọ̀ jù, ó di ọ̀tá. Ní 1996, àwọn onímọ̀ ní Jámánì fi hàn nínú àwọn ewéko inú omi pé bàbà tí ó pọ̀ jù lè lé magnesium dìde lórí àga rẹ̀ nínú chlorophyll, kí òun fúnra rẹ̀ sì jókòó síbẹ̀. Àwọ̀ chlorophyll bẹ́ẹ̀ kì í ṣá. Àwọn tí ń ṣe oúnjẹ inú agolo tilẹ̀ ń lo irú rẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá a. Ó tutù lójú, oúnjẹ kò ti ibẹ̀ jáde.

Ǹjẹ́ kí àgbẹ̀ má fín oko rẹ̀ mọ́ ni? Rárá o. Ẹni tí ó bá gba irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wa nígbà òjò yóò fi wá gégùn-ún nígbà ìkórè. Ohun tí à ń sọ ni pé ó yẹ kí á mọ iye bàbà tí ó ti wà nílẹ̀ kí á tó da òmíràn lé e. Ó yẹ kí á máa kó èso tí ó ti dúdú kúrò lórí igi, kí á sì máa gé ẹ̀ka kí atẹ́gùn lè wọ inú oko, kí ó lè jẹ́ pé ìwọ̀nba ni a óò máa fín. Kò sí ẹni tí yóò mọ ìwọ̀n náà láìyẹ ilẹ̀ wò, àyẹ̀wò ilẹ̀ kò sì kọjá agbára ọmọ tí ó ń kọ́ Kẹ́mísírì.

Àwọn àgbà yóò dá wa lóhùn pé àwọn bàbá àwọn kò yẹ ilẹ̀ kankan wò, wọn kò ra ajílẹ̀, kòkó wọn sì so. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n igbó kìjikìji ni àwọn bàbá náà ṣán. Ewé tí ó ti ń jábọ́ láti ayédáyé àti eérú igbó tí wọ́n sun wà nínú ilẹ̀ náà, wọ́n sì ti fi owó rẹ̀ kọ́lé, wọ́n fi rán ọmọ níwèé. Àwa tí a jogún oko kò jogún igbó. Àwọn òkè Ìdànrè tí ó yí wa ká ṣì ń sanwó fún wa díẹ̀díẹ̀, nítorí pé nínú àpáta wọn, tí ó ti lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún, irin àti magnesium àti potassium wà. Ẹ wo àwọn ègé dúdú tí ó ń dán nínú òkúta bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, ara ibi tí wọ́n wà nìyẹn. Ṣùgbọ́n àpáta kì í yára. Bí òjò ṣe ń jẹ ẹ́ ní ọdún kan kò tó ohun tí àpò kòkó ń kó lọ ní ọdún náà.

Àwọn mìíràn yóò ní kí á kúkú ra ajílẹ̀ NPK kí ọ̀rọ̀ ó tán. Ajílẹ̀ wúlò, àmọ́ ohun mẹ́ta tí orúkọ rẹ̀ dá ni ó wà fún: nitrogen, phosphorus àti potassium. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò ní magnesium, kò sì ní manganese. Bí potassium bá wá pọ̀ jù nínú ilẹ̀, a máa dí magnesium lọ́wọ́ láti wọ gbòǹgbò. Ẹni tí ewé ìsàlẹ̀ oko rẹ̀ ń pọ́n nítorí àìtó magnesium, tí ó wá ń da potassium sí i láìwádìí, lè rí i kí ewé náà túbọ̀ máa pọ́n lẹ́yìn tí owó rẹ̀ ti tán.

Ibi tí ilé-ìwé wa ti wọlé nìyí. Kì í ṣe pé kò sí onímọ̀ ní ìtòsí. Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Kòkó ti Nàìjíríà ti wà ní Ìbàdàn láti 1964, ó sì ní ibùdó kan ní Ọ̀wẹnà, tí kò jìnnà sí wa. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, ń kọ́ni nípa ilẹ̀ àti ohun ọ̀gbìn. Ohun tí ó ń sọnù ni ẹni tí yóò dúró sáàárín, tí yóò mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ, tí yóò sì lè sọ ọ́ ní èdè Ìdànrè lábẹ́ igi kòkó. Ta ni ó tún yẹ jù ju ọmọ àgbẹ̀ tí ó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì lọ? Iṣẹ́ tí a kọ́kọ́ gbé lé ènìyàn lọ́wọ́ nínú Ìwé Mímọ́, iṣẹ́ ọgbà ni. A kò mọ ìdí tí ilé-ìwé Kristẹni fi ní láti jẹ́ ibi tí a ti ń fi pípa koríko jẹ ọmọ níyà, tí kò sì jẹ́ ibi tí a ti ń fi ọgbà kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́.

A mọ̀ pé àwọn olùkọ́ ní iṣẹ́ púpọ̀ lọ́rùn, a sì mọ̀ pé WAEC kì í béèrè manganese mẹ́rin. Ṣùgbọ́n a máa béèrè photosynthesis, a máa béèrè àìtó èròjà nínú ohun ọ̀gbìn, a máa béèrè acid àti alákálì. Ọmọ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ògógóró fọ àwọ̀ kúrò lára ewé kòkó, tí ó kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, tí ó sì rí i bí àwọ̀ náà ti ṣá níṣojú rẹ̀, kò ní há ìdáhùn sórí.

Ohun tí a fẹ́ kò pọ̀. A fẹ́ ilẹ̀ tí ó tó ọgọ́ta igi kòkó, kí á pín in sí mẹ́ta: kí á da èèpo kòkó tí ó ti jẹrà di ilẹ̀ sí apá kan, kí á fi ẹfun òkúta tí ó ní magnesium sí apá kejì, kí á má fi nǹkan kan sí apá kẹta. A fẹ́ ohun èlò tí a fi ń wọn bí ilẹ̀ ṣe kan tó, nítorí pé bí ilẹ̀ bá kan jù, manganese a pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, magnesium a sì máa sá lọ. A fẹ́ owó tí a óò fi máa gbé ilẹ̀ díẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́ tàbí Ìbàdàn fún ohun tí a kò lè yẹ̀ wò nílé, pàápàá bàbà. A sì fẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ kan, tí kíláàsì kan yóò máa fi lé kíláàsì tí ó tẹ̀ lé e lọ́wọ́, nínú èyí tí wọn yóò máa kọ iye èso orí igi kọ̀ọ̀kan àti àwọ̀ ewé rẹ̀ sí. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, àwọn òbí yóò lè wá wo ìwé náà, kí wọ́n sì fi ojú ara wọn rí apá tí ó sàn jù.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá ní oko lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kí ilé-ìwé tó wọlé. Láàárín oṣù kẹwàá sí oṣù kejìlá, nígbà tí ẹ bá ń la kòkó, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n kó gbogbo èèpo lọ fún ọlọ́ṣẹ. Ẹ ya àpò mẹ́wàá mẹ́wàá sọ́tọ̀. Ẹ ṣa èyí tí àrùn ti sọ di dúdú kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé bí a bá da irú rẹ̀ sílẹ̀ ní tútù, àrùn náà yóò padà wọ oko. Ẹ kó ìyókù jọ sábẹ́ ibòji, ẹ bu ìgbẹ́ adìẹ sí i, ẹ máa yí i padà ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì títí yóò fi dúdú, tí kò sì ní gbóná mọ́. Àpò kan nínú rẹ̀ ni a óò gbà lọ́wọ́ òbí kọ̀ọ̀kan fún oko ilé-ìwé, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀.